Ọjọ́ Keje ní ICU: Kí Ni "E1 VT M4" Ń Sọ Nípa Àbúrò Mi?

Ìbéèrè: Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó ni mo ti ń kọ̀wé, ní Ìkòròdú níbí. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 29, já bọ́ lórí ọ̀kadà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Kò dé àṣíborí. Ọsibítù àkọ́kọ́ tí a gbé e dé ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Èkejì ló gbà á, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wà nínú, ọpọlọ sì wú, àmọ́ kò tíì di ohun tí wọ́n máa ṣí orí sí. ICU, yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ló wà, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Òní ló pé ọjọ́ 7. Mo rí i lórí bébà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tí wọ́n kọ "E1 VT M4". Tí mo bá bi dókítà, á ní "a ṣì ń wò ó". Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ká gbé e wálé, pé owó ń lọ, pé ẹni tí kò bá jí lọ́jọ́ keje kò jí mọ́ nìyẹn. Ẹlòmíì ní ẹ̀rọ kan wà tó máa ń wo inú ọpọlọ tí á sì sọ bóyá èèyàn ń bọ̀ tàbí kò bọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni nọ́ńbà yẹn? Ṣé àbúrò mi á jí? Èmi ni Ìyá Ìbejì, Ìgbógbó.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdúró, ẹ kú àìsùn. Mo mọ bí àga rọ́bà ẹnu ọ̀nà ICU ṣe ń rí lára èèyàn tó bá di agogo méjì òru. Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn.

N kò lè sọ fún yín pé àbúrò yín á jí. N kò sì lè sọ pé kò ní jí. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀kan nínú méjèèjì lọ́jọ́ keje, ohun tí ojú rẹ̀ kò tó ló ń sọ, ì báà jẹ́ dókítà, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín. "A ṣì ń wò ó" tí dókítà ń sọ fún yín, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Òótọ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ohun tí kò dáa níbẹ̀ ni pé kò sọ ohun tí wọ́n ń wò fún yín. Èmi á sọ ọ́, torí pé iṣẹ́ tí mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn: kí n dúró ti ẹni tó forí gbá, kí n máa wo ọpọlọ rẹ̀ láti ìta.

Bébà tí ẹ rí yẹn, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ló gbé e jáde lọ́dún 1974, ní ìlú Glasgow ní Skọ́tílándì, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní máàkì Glasgow. Kó tó dìgbà yẹn, kálukú ló ń sọ tirẹ̀. Dókítà kan á kọ pé "ó sùn díẹ̀", èkejì á kọ pé "ó sùn wọra", ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kò ní mọ̀ bóyá oorun kan náà ni. Àwọn méjèèjì wá ní ká wo ohun mẹ́ta péré: ojú, ẹnu, ọwọ́. Ojú gba máàkì 1 sí 4, ẹnu 1 sí 5, ọwọ́ 1 sí 6. Ẹni tó jí pérépéré gba 15. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rárá gba 3, torí pé kò sí òdo níbẹ̀. Láti 8 wálẹ̀ la ń pè ní orí tó fara pa gidi. (Ọdún 1974 yẹn náà ni Latunde Odeku kú, dókítà tó dá iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ ní UCH Ìbàdàn lọ́dún 1962. N kì í lè sọ ọ̀kan kí n má rántí èkejì.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ti àbúrò yín. E ni ojú. E1 túmọ̀ sí pé kò lajú, kódà nígbà tí wọ́n fi ìrora kàn án. Ṣùgbọ́n tí ìpéǹpéjú rẹ̀ bá wú bí àkàrà, tàbí tí oògùn oorun bá ń lọ lára rẹ̀, E1 yẹn kò sọ nǹkan kan nípa ọpọlọ. V ni ohùn. T tó tẹ̀ lé e ni ọ̀pá tó wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tí ọ̀pá wà lọ́fun rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pé ó ń ronú bí adájọ́. Nínú gbogbo nọ́ńbà yẹn, ọ̀kan péré ló ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí: M4. Ọwọ́.

Bí a ṣe ń gba nọ́ńbà ọwọ́ rèé. Màá kọ́kọ́ pè é lórúkọ, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, kì í ṣe èyí tó wà nínú fáìlì. Màá ní, "Ká ọwọ́ rẹ. Yọ ìka méjì." Tó bá ṣe é, 6 nìyẹn. Tí kò bá ṣe é, màá fi ara bírò tẹ èékánná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe ìkà, kò sì ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Tó bá fa ọwọ́ náà sẹ́yìn bí ẹni tí ìka rẹ̀ kan ìkòkò gbígbóná, 4 ni. Tí ọwọ́ bá ká wá sí àyà tó sì le gbagidi, 3 ni. Tó bá nà gbọnrangandan tí àtẹ́lẹwọ́ yí síta, 2. Tí kò bá mira rárá, 1.

Ẹ ó rí i pé mo fo 5. Mo fi í sílẹ̀ fún ìdí kan. Láti mọ 5, orí egungun tó wà lókè ojú, níbi tí irun òkè ojú wà, ni mo máa fi àtàǹpàkò tẹ̀. Ara ẹni tó wà ní 4 á rún, ọwọ́ rẹ̀ á mira, ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí ìrora ti ń wá. Ọwọ́ ẹni tó wà ní 5 á gbéra lórí bẹ́ẹ̀dì, á kọjá àyà, á kọjá àgbọ̀n, á wá ọwọ́ mi kàn. Mo rántí ọmọkùnrin kan, apẹja ni, tó ti wà ní 4 fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lóru ọjọ́ kejìlá, mo tẹ ojú rẹ̀, mo ń wo aago lára ògiri, ni mo bá rí i pé nǹkan di ọwọ́ mi mú. Ìka rẹ̀ ni, ó le bí igi àjẹ̀. Ó ń gbìyànjú láti yọ mí kúrò lójú rẹ̀. Mo pariwo tí dókítà fi sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Láàárín 4 sí 5 yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọpọlọ ti mọ̀ pé òun ní ojú, pé òun ní ọwọ́, pé èyí lè lọ bá ìyẹn. Kì í ṣe ohun kékeré.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, M4 nìkan kò tó. Ẹni tó bá dé Ẹ̀bùté Ìpakodò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó wo ọ̀sà, kò lè sọ bóyá omi ń kún ni tàbí ó ń fà. Ẹni tó ti ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ láàárọ̀ tó sì fi nǹkan sààmì sí i nìkan ló lè sọ. M4 tó ti 2 gòkè wá láti ọjọ́ Àìkú, ìròyìn ayọ̀ ni. M4 tó já wálẹ̀ láti 5 lánàá, ká tètè pe dókítà ni, ká tún orí yà. Nọ́ńbà kan náà ni lórí bébà. Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́la nìyẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni M rẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé, kí ló jẹ́ lójoojúmọ́ láti ìgbà náà? Ìgbà wo ni oògùn oorun sì dúró?" Tí oògùn oorun bá ṣì ń wọlé, ọjọ́ 7 tí ẹ kà yẹn, ẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Mo kórìíra ọ̀rọ̀ kan lórí bébà yẹn: "bákan náà". Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ òru kọ "bákan náà" láti agogo méjìlá títí di mẹ́fà, kò sì fọwọ́ kan aláìsàn lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun kò fẹ́ da oorun rẹ̀ rú. Nígbà tí mo gba iṣẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ọmọlójú ọ̀tún ti fẹ̀ bí owó ẹyọ, kò sì mira. A kò mọ aago tó ṣẹlẹ̀. A kò lè mọ̀ ọ́n láéláé.

Ọmọlójú yẹn ni ohun kejì tí wọ́n ń wò. Tí a bá tan iná sí ojú tó wà dáadáa, dúdú àárín rẹ̀ á sún kì. Tí ọ̀kan bá fẹ̀ tí kò sún kì mọ́, ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ti wú débi pé ó ń tẹ iṣan tó ń darí ojú náà. Wákàtí díẹ̀ ló kù, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú ni. Tí méjèèjì bá ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti le. Lọ́dún 2018 wọ́n tiẹ̀ dá a pọ̀ mọ́ máàkì Glasgow: a yọ 1 fún ojú kan tí kò dá iná lóhùn, 2 fún méjèèjì. Ẹ bi wọ́n léèrè ojú rẹ̀ náà. Tí wọ́n bá ní méjèèjì ń sún kì, ẹ mí kanlẹ̀ díẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀rọ tí wọ́n sọ fún yín. Kì í ṣe ẹyọ kan, mo sì rò pé méjì ni ẹni yẹn dà pọ̀.

Ọ̀kan ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gba ihò kékeré inú agbárí kì bọlé láti wọn ìfúnpá ibẹ̀. Agbárí àgbàlagbà kò ní rírọ̀. Ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ àti omi ló wà nínú rẹ̀. Tí ọ̀kan bá pọ̀ sí i, òmíràn gbọ́dọ̀ dín kù, tí kò bá sí èyí tó lè dín kù mọ́, ìfúnpá á lọ sókè. Ti ẹni tó wà dáadáa kì í ju bíi mílímítà mákúrì 15 lọ. Tó bá ti kọjá 22, àwọn dókítà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan sí i. Ìdí rẹ̀ kò le: ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ta ko ìfúnpá yẹn kó tó lè wọ ọpọlọ. Tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀ bá jẹ́ 85 ní ìpíndọ́gba, tí ti inú agbárí jẹ́ 15, ohun tó kù láti fi bọ́ ọpọlọ ni 70, ó tó. Tí ti inú agbárí bá di 30, 55 ló kù, ebi ti ń pa ọpọlọ nìyẹn. Láàárín 60 sí 70 la ń fẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa béèrè: ibi tí àbúrò mi wà kò ní wáyà yẹn ńkọ́? Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Lọ́dún 2012 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde láti Bòlífíà àti Ẹkuadọ̀, orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Aláìsàn 324 tí orí wọn fara pa gidi ni. Wọ́n fi wáyà wo apá kan. Apá kejì, ọwọ́ àti tọ́ọ̀ṣì àti CT, ìyẹn àwòrán inú orí, ni wọ́n fi ń ṣọ́ wọn nínú ICU. Nígbà tó parí, ti ẹni tó ní wáyà kò sàn ju ti ẹni tí kò ní lọ. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà bínú sí èsì yẹn. Èmi kò bínú. Wáyà kì í wo èèyàn sàn, kò sì sí èyí tó sàn nínú àwọn 324 yẹn tí a kò ṣọ́ tọ̀sán-tòru. Bébà ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kọ dáadáa, ẹ̀rọ ni.

Èkejì ni EEG, èyí tó ń ka iná inú ọpọlọ láti orí awọ orí. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ ka ti èèyàn lọ́dún 1924. Iṣẹ́ rẹ̀ tó wúlò jù fún irú àbúrò yín ni láti wá wárápá tí kò gbọn ara jáde. Ọpọlọ lè máa gìrì nínú, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí gbogbo wa máa rò pé kọmá ni. Oògùn wà fún ìyẹn. Tí M bá dúró sójú kan láìnídìí tí oògùn oorun sì ti kúrò lára rẹ̀, ó tọ́ kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe EEG fún un tàbí kí wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe é.

Èyí tí wọ́n ń sọ pé ó ń "wo bóyá èèyàn ń bọ̀" kò ṣẹ̀yìn EEG yìí. Lọ́dún 2019, àwọn dókítà kan ní New York mú aláìsàn 104 tí wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn lẹ́yìn tí ọpọlọ wọn fara pa. Wọ́n sọ fún wọn létí pé kí wọ́n máa ká ọwọ́ kí wọ́n máa ṣí i, wọ́n sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka EEG wọn. Ọwọ́ kankan kò mira. Ṣùgbọ́n iná inú ọpọlọ àwọn 16 yí padà nígbà tí wọ́n pàṣẹ: wọ́n gbọ́, wọ́n ń gbìyànjú, ọ̀nà láti inú ọpọlọ dé ọwọ́ ló dí. Púpọ̀ sí i nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ló wá gbádùn lẹ́yìn ọdún kan ju àwọn yòókù lọ. Lọ́dún 2024 wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ọsibítù; nínú 241 tí kò dáhùn, 60 ló ń gbọ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹ̀rọ EEG lásán kò lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe, ó fẹ́ kọ̀ǹpútà àti ẹni tó mọ ìṣirò rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ lè mú níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀: ẹ gbà pé ó ń gbọ́. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ti àwọn ìbejì fún un, ẹ sọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Kí ẹ̀gbọ́n bàbá yín má dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì yẹn sọ̀rọ̀ owó àti gbígbé wálé mọ́. Tó bá fẹ́ sọ ọ́, kó bọ́ sí ìta.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ keje tí wọ́n ń sọ, n kò mọ inú ìwé tí wọ́n ti rí i. Bóyá ẹnì kan ló gbọ́ nípa ọjọ́ 3. Wákàtí 72 wà lóòótọ́, àmọ́ ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dá dúró tí wọ́n tún jí i padà ni, ó sì jẹ́ pé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò fún ìdájọ́, kò túmọ̀ sí òpin. Ti ẹni tó forí gbá yàtọ̀. Àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 2018 pé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́, ẹ má sọ fún ẹbí pé kò sí ìrètí. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2021 láti àwọn ọsibítù ńlá Amẹ́ríkà fi hàn pé nínú àwọn tí orí wọn fara pa gidi, ìdá 12 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti di 52.

N kò ní fi ìyẹn tàn yín. Ọsibítù tiwọn kì í ṣe tiwa. Àwọn tó ṣe ìṣirò CRASH lọ́dún 2008 láti fi mọ bí ó ṣe máa rí fún aláìsàn, wọ́n ń béèrè ọjọ́ orí, máàkì Glasgow, ọmọlójú, ohun tó wà nínú CT, bóyá ibòmíràn fara pa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè irú orílẹ̀-èdè tí aláìsàn wà, olówó tàbí tálákà. Orí kan náà, ìfarapa kan náà, èsì kò jọra. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, àmọ́ irọ́ kọ́. Ọjọ́ orí àbúrò yín ń jà fún un ní tiẹ̀. Ọmọ ọdún 29 ní agbára tí ẹni 70 kò ní.

Gbígbé wálé ńkọ́? Ìyá Ìbejì, ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí ni. Tí ẹ bá yọ ọ́, kò ní dé Ìta-Ẹlẹ́wà. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n máa ń jókòó pe ìpàdé kí wọ́n tó yọ ẹ̀rọ kúrò lára aláìsàn. Níbí, owó la ń yọ, a ó sì padà wá ní "a ti sọ pé kò ní jí tẹ́lẹ̀." Ohun tó pa á ni ọ̀rọ̀ tí a sọ. Tí owó bá ti ń tán, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ọsibítù náà ní tààrà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe lè gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba pẹ̀lú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ mímí. Ìyẹn yàtọ̀ sí gbígbé wálé.

Àdúrà, ẹ máa gbà á. Òróró tàbí àgbo, ẹ má rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ni yóò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí ẹ lọ ra abẹ́rẹ́ dẹ́sà (dexamethasone) wá láti fi rọ orí tó wú, ẹ bi í dáadáa. Àwọn oògùn irú ìdílé yẹn la máa ń fún wọn láyé àtijọ́, títí wọ́n fi dán ọ̀kan nínú wọn wò lára aláìsàn 10,008, tí èsì sì jáde lọ́dún 2004 pé àwọn tó gbà á ló kú jù.

Ohun tó ń pa ọpọlọ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìṣubú rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: atẹ́gùn tó dín kù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ já wálẹ̀ sábẹ́ 90, ibà, ṣúgà tó ga tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, iyọ̀ ara tó dà rú. Tí ẹ bá rí i tí orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ó yẹ kó ga díẹ̀. Bíi 30 dígírì la ń gbé e sí. Ẹ sọ ọ́ bí àbúrò ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì tí ẹ bá jà níwájú èèyàn kò ní sọ òótọ́ M fún yín mọ́.

Ó ku nǹkan kan tó máa ń da ẹbí rú. Tó bá fẹ́ jí, kì í ṣe bíi ti sinimá. Ojú lè là kó má rí yín. Ẹ mú dígí kékeré wá, ẹ gbé e síwájú ojú rẹ̀, ẹ máa fà á lọ lọ́tùn-ún lósì díẹ̀díẹ̀, ẹ wò ó bóyá ojú ń tẹ̀ lé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lè máa fa ọ̀pá, kó máa bú gbogbo yín, kó máa ta ìpá, ẹ ó ní orí rẹ̀ ti dà rú. Mo ti rí ìyá tó sá jáde nítorí pé ọmọ rẹ̀ bú u. Àwa nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín nínú nígbà yẹn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan lónìí. Ẹ kọ M ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí i láti ọjọ́ Àìkú yẹn, kí ẹ kọ bí ọmọlójú méjèèjì ṣe rí, kí ẹ sì kọ wákàtí tí wọ́n dá oògùn oorun dúró. Tí ẹ bá ti rí i gbà tán, ẹ tún kọ̀wé sí mi.